Ìyá Ekòló àti Ìgbẹ́ Màlúù

Ìyá Ekòló kò fín oògùn sí oko rẹ̀ rí. Ìyàwó àbúrò mi ni. Àbúrò mi ti kú. Ilé mi àti ilé rẹ̀ kọjú sí ara wọn, ẹnu ọ̀nà ìdáná rẹ̀ ni mo sì máa ń wò bí mo bá ń tún bàtà ṣe. Ohun tí mo kọ síbí, ojú mi ló ṣe, tàbí kó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin ni, orúkọ rẹ̀ kì í sì í ṣe Ekòló. Àwọn ará àdúgbò ló sọ ìyá bẹ́ẹ̀, nítorí pé bó bá ń túlẹ̀ tí ọkọ́ rẹ̀ bá gé ekòló sí méjì, á dúró, á ní, "Pẹ̀lẹ́ o, má bínú." Ẹnì kan tó ń kọjá gbọ́ ọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo òpópónà ti gbọ́. Ọmọ rẹ̀ bínú nígbà náà. Ó ní, "Màámi, ṣé èmi wá ni ekòló ọ̀hún?"

Ìyá rẹ̀ ní, "Ekòló kì í kọ iṣẹ́ o. Ìwọ ńkọ́?"

Kí ìyàwó yìí tó wọ ilé wa, bàbá wa ló ń dá oko yẹn. Ajílẹ̀ inú àpò ni bàbá ń lò, ó sì ń fín oògùn léraléra kó tó kórè. Ó kọ́kọ́ kórè dáadáa. Nígbà tó yá, àpò ajílẹ̀ ń pọ̀ sí i, ìkórè ń dín kù. Ilẹ̀ wá le bíi sìmẹ́ńtì. Bí òjò bá rọ̀, omi kì í wọlé, orí ilẹ̀ ló ń sáré gbà lọ sí odò ìsàlẹ̀, á sì gbé erùpẹ̀ dání. Odò a pọ́n fún ọjọ́ mélòó kan. Kò sí ọ̀pọ̀lọ́ níbẹ̀. Àwa ọmọ ilé kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó yẹ kí ọ̀pọ̀lọ́ wà níbẹ̀.

Nígbà tí bàbá kú, àbúrò mi, tó jẹ́ káfíńtà, ní kí ìyàwó òun máa dá oko náà. Ó ra pọ́ńpù àgbékẹ́yìn tí wọ́n fi ń fín oògùn fún un. Ìyàwó gbé pọ́ńpù kọ́ ara ògiri, ó sì wà níbẹ̀ títí ó fi dípẹtà.

Àbúrò mi ní, "Kòkòrò ni yóò kó gbogbo rẹ̀ jẹ."

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Wọ́n á ṣẹ́ díẹ̀ kù fún yín. Ẹ̀yin náà kì í kúkú jẹun púpọ̀."

Ohun tó ń ṣe nìyí. Ó ń gbá ewé gbogbo òpópónà jọ. Ó ń kó èèpo ohun tí wọ́n bá bẹ nínú ilé ìdáná, tirẹ̀ àti ti àwọn aládùúgbò. Ó ń kó ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti ìdọ̀tí inú ilé adìẹ. Ó ń gba èérún igi lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, àmọ́ kì í gba èyí tó bá ti ara pákó tí wọ́n kùn lọ́dà. Á tò wọ́n jọ ní ìpele ìpele, á fi àpò ògbólógbòó bò wọ́n. Á máa ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti mọ̀ bó bá gbóná. Bó bá tutù, á fi fọ́ọ̀kì oko yí i padà. Nígbà tó bá fi máa di ilẹ̀dú, kò ní rùn mọ́. Òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bà ni yóò máa ti ibẹ̀ jáde.

Ọwọ́ ló fi ń fa koríko. Mo gé táyà fún un kó máa fi orúnkún lé e. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé kì í pa kòkòrò. Irọ́ ni. Ó ń pa wọ́n. Ọwọ́ ló fi ń pa wọ́n, lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá mú lórí ewé rẹ̀ nìkan.

Ó pẹ́ kí ilẹ̀ náà tó gbọ́ràn. Ekòló ló kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà ni oyin bẹ̀rẹ̀ sí í wá síbi òdòdó ẹ̀wà, ẹyẹ sì tẹ̀lé wọn. Nígbà tó ṣe, mo rí i pé òjò ń rọ̀ tí omi ń wọlé lójú mi, bí ìgbà tí èèyàn bá da omi sórí kàn-ìn-kàn-ìn. Ọdún kan wà tí òjò kó irúgbìn aládùúgbò rẹ̀ lọ sójú títì, a ń fi bàtà tẹ tòmátì. Tirẹ̀ dúró. Odò ń ṣàn kọjá oko àwọn ẹlòmíràn kó tó dé tirẹ̀, nítorí náà n kò ní sọ pé odò mọ́. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀bá tirẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ padà wá. Wọn kì í jẹ́ ká sùn.

Ó yẹ kí n sọ apá kejì. Ìkórè rẹ̀ kò tó ti aládùúgbò rẹ̀ rí. Olóògùn là ń pe aládùúgbò yìí, torí pọ́ńpù kì í kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá kó tòmátì jáde, tirẹ̀ á kún ọkọ̀, ti Ìyá Ekòló á kún bárò. Olóògùn kì í ṣe èèyàn burúkú. Ilé rẹ̀ kún, gbogbo wọn sì ń jẹun yó. Ó máa ń dúró létí ọgbà, á ní, "Ìyá, àwọn ọmọ yín ti jẹun lónìí?" Ekòló ló ní lọ́kàn. Ìyá á ní, "Wọ́n ti jẹun. Wọ́n ní kí n kí ẹ, wọ́n ní kí o má wá."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin kò fẹ́ràn oko. Ilé iṣẹ́ ọ̀dà ló lọ, níbi tí wọ́n ti ń po ọ̀dà tí wọ́n ń rọ ọ́ sínú agolo. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ikọ́ mú un. Ikọ́ náà kò lọ. Dókítà ní àyà rẹ̀ kò fẹ́ èéfín ọ̀dà mọ́, bó bá tún pẹ́ níbẹ̀ kò ní ṣeé tún ṣe. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, ìjókòó ló fi ń sùn, ó ń fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyá rẹ̀ fa koríko. Díẹ̀díẹ̀, ikọ́ rọlẹ̀. Lọ́jọ́ kan ìyá rẹ̀ sọdá wá sọ́dọ̀ mi ní ìdájí, kò tíì bọ́jú. Ó ní, "Ọkọ mi àgbà, ó fi ìhà lélẹ̀ sùn mọ́jú." Ìdí tó fi wá nìyẹn. Ó yí padà, ó lọ.

Oko tó ń bọ́ ẹnì kan ní láti máa bọ́ ẹni méjì báyìí. Wọ́n tú apá òkè tó ti wà lásán tipẹ́. Òkìtì ilẹ̀dú rẹ̀ kò wá tó. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Onímàlúù ti wọlé.

Òdìkejì títì ni Onímàlúù ń gbé. Màlúù rẹ̀ kò pọ̀, ó sì ń tọ́jú wọn dáadáa. Ìgbẹ́ wọn ti ga bí ilé lẹ́yìn ọgbà, kò sì rí ibi tí yóò dà á sí. Ó ní kí Ìyá Ekòló wá kó o lọ́fẹ̀ẹ́. Mo bá a lọ, torí èmi ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń ti bárò rẹ̀, táyà kan kò dúró dáadáa.

Ó bi Onímàlúù pé, "Kí ni wọ́n ń jẹ?"

"Koríko ni, Ìyá. Kí ni ẹ fẹ́ kí wọ́n máa jẹ, búrẹ́dì?"

"O kì í gún wọn lábẹ́rẹ́?"

"Èmi gan-an kì í gba abẹ́rẹ́."

"Oúnjẹ inú àpò ńkọ́?"

"Ìyá, koríko. Koríko ọgbà tèmi. Ẹ wò ó, ó wà níwájú yín."

Ó wò ó. Koríko náà tutù yọ̀yọ̀, kò sí ẹ̀gún kan nínú rẹ̀. Ó bu ìgbẹ́ náà sínú abọ́, ó tú u pẹ̀lú ọwọ́. Ekòló wà nínú rẹ̀, wọ́n pupa, wọ́n sanra.

Ó ní, "Àwọn ará ilé mi ti débí ṣáájú mi."

Onímàlúù ní, "Bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu. Ẹ kó o máa lọ."

Ìyẹn tó fún Ìyá Ekòló. Ẹlòmíràn ì bá gbin ẹ̀wà díẹ̀ sínú ìkòkò kan kó kọ́kọ́ wò ó. Òun kì í bi ẹ̀wà léèrè ọ̀rọ̀. Ekòló ló ń bi, ekòló kò sì tíì parọ́ fún un rí. Òun àti ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ti bárò. Wọ́n kó o sí apá òkè. Ó wá ní kò dáa kí òkè jẹun kí ìsàlẹ̀ máa wò ó lẹ́nu, ó sì kó o sí gbogbo oko.

Wọ́n gbin tòmátì. Wọ́n gbin ẹ̀wà, ata, kúkúńbà. Wọ́n gbin àgbàdo sí etí ọgbà.

Ẹ̀wà ló kọ́kọ́ hù. Ó hù, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ kò ṣí. Ó ká bí ọwọ́ ọmọ tuntun. Tòmátì tí wọ́n kọ́kọ́ gbìn sínú ilé kí wọ́n tó lọ́ ọ wá sí oko ṣe dáadáa fún bí ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ni orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ mọ́ ara rẹ̀. Ewé tuntun ń jáde tín-ín-rín bí òwú. Ata dúró sójú kan. Àgbàdo nìkan ló ń dàgbà, ó ń yọ ayọ̀ tirẹ̀ létí ọgbà.

Wọ́n rò pé òùngbẹ ni, wọ́n bomi rin ín. Wọ́n rò pé òtútù ni, wọ́n fi ọ̀rá bò ó. Wọ́n yẹ abẹ́ ewé wò, kò sí kòkòrò. Ọmọ rẹ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì lọ́jọ́ kan, ó ní, "Màámi, bóyá ọwọ́ mi ni. Ọ̀dà pẹ́ lára ọwọ́ yìí."

Ìyá rẹ̀ ní, "Pa ẹnu rẹ mọ́, jàre. Ọwọ́ rẹ kò ṣe nǹkan kan."

Wọ́n fa gbogbo rẹ̀ tu. Wọ́n gbin òmíràn. Ó tún ká.

Nígbà náà ni ó ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn. Obìnrin kan wá, ó wọ bàtà rọ́bà àti ìbọ̀wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ẹ̀wà kan, ó wo òmíràn. Kò fọwọ́ kan nǹkan. Ó ní, "Màmá, kí lẹ fi sí ilẹ̀ yìí lọ́dún yìí tí ẹ kì í fi sí i tẹ́lẹ̀?"

Gbogbo wa sọdá títì lọ sọ́dọ̀ Onímàlúù. Obìnrin náà bi í bó ti fín nǹkan sí koríko rẹ̀ rí.

Onímàlúù ní, "Koríko kọ́. Ẹ̀gún. Ẹ̀gún ń gún àwọn màlúù lẹ́nu, wọ́n ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ̀gún nìkan ni mo fín in sí." Ó wọlé, ó gbé agolo kan jáde.

Obìnrin náà kò tilẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Mo mọ eléyìí." Ó wá ṣàlàyé fún wa. Oògùn náà kì í pa koríko. Gbogbo ohun tí ewé rẹ̀ bá fẹ̀ ló ń pa. Koríko á mu ún, kò ní ṣe é ní nǹkan. Màlúù á jẹ koríko, oògùn á gba inú rẹ̀ kọjá, kò ní ṣe é ní nǹkan. Á bá ìgbẹ́ jáde bó ṣe wọlé. Ekòló á gbé inú rẹ̀, kò ní ṣe ekòló ní nǹkan. Ọjọ́ tó bá pàdé ẹ̀wà ni yóò tó rántí iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

Onímàlúù ní, "Kò pa koríko, kò pa màlúù. Èmi rò pé ohun tí kò pa màlúù, ṣé ẹ̀wà ló máa wá pa?" Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní kí Ìyá Ekòló mú màlúù kan.

Ìyá Ekòló ní, "Kí n fi ṣe kí ni? Kó tún yàgbẹ́ fún mi?"

Kò bú u. A wà níbẹ̀, a ń wá ẹni tí a máa bú, a kò rí. Ìyá Ekòló bi í ní ìbéèrè, Onímàlúù dá a lóhùn, kò parọ́. Ó bi í pé kí ni màlúù ń jẹ. Kò bi í pé kí ni koríko ń mu. Omi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Nígbà tí a padà, ó bi obìnrin náà pé, "Kí la lè fi wẹ̀ ẹ́ kúrò?"

"Kò sí, Màmá. Bí ẹ bá fi omi wẹ̀ ẹ́, inú odò ló máa lọ."

"Bí a bá sun ún?"

"Rárá. Ẹ kàn máa tú u, kí atẹ́gùn àti oòrùn wọ̀ ọ́. Àwọn ohun kéékèèké inú ilẹ̀ ló máa jẹ ẹ́ tán."

"Títí di ìgbà wo?"

"Ọdún kan. Ó lè jẹ́ méjì. Mo ti rí ibi tó ju bẹ́ẹ̀ lọ." Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. "Ìran koríko ni àgbàdo, á ṣe dáadáa lórí rẹ̀."

Àgbàdo nìkan kò lè bọ́ ẹni méjì lórí ilẹ̀ tó kéré tó yẹn. Obìnrin náà mọ̀, àwa náà mọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo rí Ìyá Ekòló lórí apá òkè, lórí táyà rẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ ha ilẹ̀ sínú abọ́. Mo lọ bá a.

"Ìyàwó, kí lò ń ṣe?"

"Ọkọ mi àgbà, mò ń kó o kúrò."

"Níbo lo fẹ́ dà á sí?"

Ó gbójú sókè. Ó wo ìsàlẹ̀, ọ̀nà odò. Ó wo ọgbà Olóògùn. Ó wo títì. Lẹ́yìn náà ó da abọ́ náà padà síbi tó ti bù ú. Ekòló ń ràkò nínú ohun tó dà sílẹ̀. Wọ́n ti pọ̀ ju ti ọdún tó kọjá lọ. Ara wọn le.

Wọ́n tú ilẹ̀ náà, òun àti ọmọ rẹ̀. Wọ́n tú u, wọ́n tún un tú. Wọ́n gbin ẹ̀wà mẹ́ta mẹ́ta káàkiri láti fi dán an wò. Ó ká. Obìnrin kan tó máa ń bá wọn ta ìkórè wọn lọ́jà bí oúnjẹ tí kò ní oògùn wá kí wọn, ó sunkún, ó lọ. Ọ̀rọ̀ dé láti ilé iṣẹ́ ọ̀dà pé wọ́n tún ń gba èèyàn. Ọmọ rẹ̀ kò sọ fún ìyá. Èmi ló sọ fún. Mo ní, "Dókítà ńkọ́?" Ó ní, "Bàbá, dókítà kọ́ ló ń bọ́ wa."

Àárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni Olóògùn wá. Ó kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ mi, torí èmi ni àgbà ilé. Mo ní èmi kọ́ ni mo ń dá oko, kó jẹ́ ká lọ bá a.

A jókòó sí pálọ̀ Ìyá Ekòló. Àga mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ jókòó sórí àpótí. Fèrèsé ṣí, aṣọ tí wọ́n fọ̀ wà lórí okùn níta. Olóògùn wẹ̀ kó tó wá. Ó di ọwọ́ méjèèjì mú láàárín orúnkún rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ."

"Sọ ọ́."

"Mo fẹ́ gba ilẹ̀ yẹn lọ́wọ́ yín, kí n fi gbin àgbàdo. Ọdún mẹ́rin. N kò ní gbà á lásán. Mo sì ń wá ẹni tó máa dúró ti ilé tí a ti ń ṣa tòmátì. Ìjókòó ni iṣẹ́ náà. Fèrèsé pọ̀ níbẹ̀, kò sí òórùn nǹkan kan. Mo gbọ́ pé ọmọ yín fẹ́ padà sí ilé ọ̀dà."

Ìyá Ekòló yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Òótọ́ ni?"

Ọmọ rẹ̀ ń wo ilẹ̀.

"Mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni?"

"Màámi, ọdún méjì péré ni. Kí n lọ ṣiṣẹ́, kí ẹ̀yin máa tú u. Tó bá mọ́ tán, n ó padà."

"Orúnkún wo ni mo fẹ́ fi máa tú u?"

"A máa wá ẹni tó máa bá yín ṣe é."

"Ìwọ ńkọ́? Ta ló máa bá ẹ mí?"



Ìyá Ekòló kọjú sí Olóògùn. "Ṣé wàá fín in?"

Olóògùn wò mí, bí ẹni pé mo lè bá a dáhùn. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìyá, màá fín in. N kò mọ ọ̀nà mìíràn. Bí n kò bá fín in, koríko á pa àgbàdo mi, ọwọ́ mi kò sì tó láti fà á. Tí mo bá ní n kò ní fín in, ẹ̀yin náà mọ̀ pé irọ́ ni."

"Létí odò náà?"

"Màá gbìyànjú. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn kì í gbọ́ tèmi."

Ọmọ rẹ̀ ní, "Màámi, ẹ má ṣe é nítorí tèmi. Ogún ọdún lẹ fi tún un ṣe."

"Mo mọ iye ọdún tí mo fi tún un ṣe." Ohùn rẹ̀ kò ga. "Bí ilẹ̀ bá bàjẹ́, èèyàn lè tú u. Àyà kò ṣeé tú."

"Ẹ̀yin gan-an lẹ sọ pé bí ẹ bá gbé e fún ẹni tó ń fín oògùn, ẹ ti pa á nìyẹn."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

Olóògùn ní, "Ẹ lè rò ó wò, Ìyá. Kò dìgbà tí ẹ bá dá mi lóhùn lónìí."

"Bí mo bá rò ó, kí ló máa yí padà?"

Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó nu ún mọ́ ìró rẹ̀. Ó ní, "Gbà á. Ọmọ mi á bẹ̀rẹ̀ níbi tòmátì lọ́jọ́ Ajé. Ìwọ àti ọkọ mi àgbà ẹ jókòó, kí ẹ sọ ìyókù. N kò fẹ́ gbọ́ ọ."

Ọmọ rẹ̀ ní, "Màámi, níbo lẹ ń lọ?"

"Òjò ti ṣú. Mo fẹ́ lọ ká aṣọ."

Ó fi ọwọ́ ti àga, ó dìde, ó sì jáde.